Etí Tí Bàbá Mi Fi Ń Yẹ Ilé Wò

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Kánádà ni mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí mo ń wo àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan tó ń kọ́lé, n ò sì rí àpò símẹ́ńtì kan ṣoṣo nílẹ̀. Igi ni wọ́n ń kàn. Wọ́n fi pákó ṣe ògiri, wọ́n ki nǹkan tó dà bí òwú sí inú rẹ̀, wọ́n wá fi ike bò ó lóde. Ọmọ bíríkìlà ni mí. Ní Igbó-Ọrà tí wọ́n ti bí mi, ẹni tó bá ń fi pákó kọ́lé, adìẹ ló fẹ́ sìn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi.

Kò pẹ́ tó fi pè mí.

"Ìyá Ìbejì, ṣé èèyàn ló máa gbé inú ìyẹn?"

"Èèyàn ni, Bàbá."

"Tí òtútù bá dé ńkọ́?"

"Wọ́n ní inú rẹ̀ máa ń móoru ni."

"Ọlọ́hun tóbi," ló wí. "Ayé fẹ̀ ju Ìbàràpá lọ."

Bí mo bá rántí ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ìyanu ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kí ìyà tó tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀sì ń dé ní ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára òpó. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò pariwo bí òjò ṣe ń pariwo lórí páànù, mo sì dúró lójú fèrèsé tí mo ń wò ó títí omi tí mo gbé kaná fi gbẹ mọ́ ìkòkò. Àwọn náà ń rí ìyanu lára mi. Ní Igbó-Ọrà, bí o bá gbé ìbejì kọjá, ẹni tó ń kí ẹ lè máà gbójú sókè, torí ó ṣeé ṣe kí òun náà ní méjì nílé. Níbí, àwọn ìyá àgbà ń dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n lè wo Táyé àti Kẹ́hìndé dáadáa, bíi pé èmi ni mo kọ́kọ́ dá irú ẹ̀ sílẹ̀. Mo máa ń ṣe fújà díẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wẹ àwọn arúgbó, kí n máa wọṣọ fún wọn, ní ilé tí àwọn ọmọ wọn kó wọn sí. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì máa ń lò tó ọjọ́ mẹ́fà lọ́nà kó tó wọlé. Yàrá abẹ́lẹ̀ la gbà, lábẹ́ ilé onílé. Fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní ìpele ilẹ̀ òde, bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan là ń rí. Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì, n ò mọ ojú ará àdúgbò kan, ṣùgbọ́n mo mọ bàtà wọn. Bàtà pupa kan wà tó máa ń sáré kọjá láàárọ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá tí n ò rí i, àyà mi á já, bí ìgbà tí aládùúgbò ẹni ò bá ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó ni ín ò mọ̀ pé èmi wà láyé.

Ògiri yàrá náà máa ń làágùn. Nígbà tó yá, ohun dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí igun rẹ̀, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bu. Mo fọ̀ ọ́, ó tún padà. Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni bàbá mi máa ń pè, a ò sì ní tíì kí ara wa tán tí yóò fi béèrè.

"Ta ló ń wúkọ́ yẹn?"

"Kẹ́hìndé ni."

"Títí di ìsinsìnyí?"

Dókítà tẹ́tí sí àyà ọmọ náà títí, ó wá bi mí bí ibi tí à ń gbé ṣe rí. Mo ṣàlàyé. Ó ní òun lè máa fún wa lóògùn lọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ń mí inú yàrá yẹn, asán ni. Ẹ kó kúrò, ló wí. Ọjọ́ yẹn ni èmi àti ọkọ mi pinnu pé gbogbo iṣẹ́ tí a ń ṣe, ilé gbígbẹ la fi máa rà. A ò wá ilé ńlá. A ń wá ibi tí Kẹ́hìndé á ti lè mí.

Ilé àkọ́kọ́ tí a rí rẹwà débi pé mo ń rọra tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Igi ápù wà lẹ́yìnkùlé. Yàrá abẹ́lẹ̀ tiẹ̀ fẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tuntun wà níbẹ̀, kíá ni àwọn ìbejì ti pín in láàárín ara wọn. Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀ sí apá tiẹ̀, ó ní òun ò dìde mọ́. A bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a ní ọjọ́ díẹ̀ láti ní kí wọ́n yẹ ilé náà wò. Bí ohun tí wọ́n bá rí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a lè padà lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ wà níbí tí n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà láyé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń bá ẹni tó fẹ́ ra ilé yẹ ilé náà wò láti orí òrùlé dé ìpìlẹ̀ kó tó sanwó. Ayẹléwò ni mo ń pè wọ́n. Nílé wa, ilẹ̀ là ń bẹ̀rù. Bí o bá fẹ́ ra ilé ní Igbó-Ọrà, wàá béèrè ta ló ni ilẹ̀, ṣé mọ̀lẹ́bí fọwọ́ sí i, ṣé wọn ò ti tà á fún ẹlòmíì. Ilé fúnra rẹ̀ kì í ṣòro. O mọ ẹni tó kọ́ ọ, o mọ ọdún tí páànù rẹ̀ ṣí, aládùúgbò á sì sọ fún ẹ ibi tó ti ń jò kó o tó béèrè. Níbí, ìwé ilẹ̀ mọ́ kedere, ilé gan-an ló lè purọ́, kò sì sí aládùúgbò tó máa tú u fó, torí bàtà wọn nìkan lo mọ̀.

Ejẹ́ńtì tó ń bá onílé ta ilé náà jẹ́ ọlọ́yàyà. Ó ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu. Mo mọ bàbá kan tó máa yẹ̀ ẹ́ wò fún yín lọ́la."

Inú mi dùn. Nílé wa, bí a bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, alárenà tó mọ tọ̀tún-tòsì là ń wá, torí ẹni tó mọ ilé méjèèjì, ojú á máa tì í láti tan èyíkéyìí. Mo rò pé alárenà ni ejẹ́ńtì yìí.

Bàbá tó mú wá ní irun funfun báláú, orúnkún mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Mo po tíì fún un láti inú fúláàsì mi. Mo wá kó àwọn ọmọ, a lọ jókòó sínú mọ́tò. Inú ilé bíríkìlà ni mo dàgbà sí. Bí bàbá mi bá ń mọlé tí onílé wá dúró tì í lórí, á sọ ṣíbí ìmọlé rẹ̀ kalẹ̀, á ní, "Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ jí ògiri gbé ni?" A kì í dúró ti àgbà oníṣẹ́ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Tíì tí mo pò ò tíì tutù tán tí bàbá yẹn fi jáde. Ó fún mi ní ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n fi àmì sí káàkiri, ó ní ilé tó dáa ni. N ò bi í léèrè kankan. Ta ló bí mi tí màá máa béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó tó bàbá mi bí?

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù tí ọ̀rọ̀ máa di àìgbọdọ̀-yí-padà nígbà tí Jímọ̀ pé. Mo fi fídíò ilé náà han bàbá mi. Ó ń gbóríyìn fún un bọ̀, ó kan sáárá sí kíṣìnì, ó kan sáárá sí igi ápù, títí a fi dé yàrá abẹ́lẹ̀.

"Dúró," ló wí. "Padà sẹ́yìn. Kí ló dé tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri yẹn fi tuntun ju ti òkè lọ?"

Mo wò ó. Láti ilẹ̀ dé ibi orúnkún, ọ̀dà náà ń dán. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ó ti ṣá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé yàrá yẹn, n ò rí i.

"Ilé alámọ̀ tí omi bá ń gùn láti ilẹ̀," bàbá mi bi mí, "kí ni onílé máa ń ṣe sí i tó bá fẹ́ tà á?"

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọmọ Igbó-Ọrà ló mọ̀ ọ́n. "Wọ́n máa ń kun ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Kí ni ẹni tó yẹ ilé wò sọ?"

"Ó ní ó dáa."

"Ta ló mú un wá?"

"Ejẹ́ńtì ni."

"Ejẹ́ńtì ta?"

"Ti ẹni tó ń ta ilé."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni tó ń ta ewúrẹ́ fún ẹ ló tún bá ẹ mú ẹni tó máa wò ó bóyá ó ń ṣàìsàn. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà nígbà tó ń wò ó?"

"Mo jókòó sínú mọ́tò."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n dúró tì yín."

Báyìí ló rẹ́rìn-ín tí fìlà rẹ̀ fi ṣí. Nígbà tó dákẹ́, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Gbọ́, ọmọ mi. Ẹni tó ń kọ́lé, fi í sílẹ̀. Bó bá bà á jẹ́, ilé á tú u fó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yẹ ilé wò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan lo fẹ́ rà. Máa tẹ̀ lé e. Ibi tó bá fi tọ́ọ̀ṣì sí, ni kó o fi ojú sí. Àti pé ìwọ ni kó o fúnra rẹ wá a. Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọṣẹ́, bi í. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè."

Wọ́n ní ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi. Bàbá tí kò kọjá Ìbàdàn rí jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ọ̀kadà ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí àrùn ilé Kánádà nínú fóònù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹnu ṣì ń yà mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo bi obìnrin ará Jàmáíkà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ta ló yẹ ilé tiẹ̀ wò fún un. Ó fún mi ní nọ́ńbà kan. Mo wá méjì mìíràn kún un, mo sì gbé ìtìjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní kò sí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ wá, òun á fi èsì ránṣẹ́. Ẹnì kejì ní bí òun bá rí ohun tó bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ òun á tún un ṣe fún mi ní ẹ̀dínwó. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n mo rántí ẹni tó ń ta ewúrẹ́. Ẹni tó ń jẹun lára àtúnṣe lè máa rí àìsàn níbi tí kò sí.

Ẹnì kẹta ni èyí tí ará Jàmáíkà júwe. Nọ́rà lorúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ọmọ iléèwé. Mo bi í bóyá ó ní ìwé àṣẹ, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi, ó sọ ibi tí mo ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bi í bóyá ó ní ìbánigbófò, kí n lè mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ó bá fo nǹkan ńlá. Ó ní òun ní in. Mo ní kó fi iṣẹ́ tó ti ṣe rí hàn mí. Kò bínú. Ó fi ìwé tó kọ nípa ilé kan ránṣẹ́, ó ti pa orúkọ onílé rẹ́, ó lé ní ogójì ojú ewé, fọ́tò wà lórí gbogbo rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa ń tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe?" mo bi í.

"Rárá o. Kí n máa wò ó nìkan ni tèmi. Ẹ wọ bàtà tó le wá, torí ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Nígbà tí mo rí i, ó kéré, ó jẹ́ ọmọdé lójú mi. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó fi hàn mí bí ilẹ̀ ṣe dà sọ́dọ̀ ilé dípò kó dà kúrò, àti ibi tí ọ̀pá tó ń gba omi òjò láti orí òrùlé ti ń tú u sí ẹsẹ̀ ògiri. Ó gun àkàbà. Ó rá wọ inú àjà, ó jáde pẹ̀lú jàǹkárìwọ̀ lórí. Ó ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, ó tan gbogbo iná, ó gbóòórùn ẹ̀rọ amúlégbóná. Wákàtí mẹ́ta, mo ń tẹ̀ lé e bí ọmọ adìẹ. Bí ó bá dé ibi tí kò ráyè wò, á sọ ọ́. "Àwọn ẹrù yìí bo ògiri níbí, n ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí wọn. Màá kọ ọ́ pé n ò rí ibẹ̀." Mo dúró, mo ń wò ó. Ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn. Bàbá onírun funfun rí ohun gbogbo láàárín ife tíì kan. Ọmọdé yìí lo wákàtí mẹ́ta, ó sì ń kọ ohun tí kò rí sílẹ̀.

Nígbà tí a dé yàrá abẹ́lẹ̀, ó wo ọ̀dà tuntun yẹn. Ó kúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ìka rẹ̀ kan ògiri náà, kó, kó, kó, ó sì dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gbọ́ ọ.

Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Mo ti rí i láti kékeré, ní Èrúwà, ní Igbó-Ọrà, níwájú ògiri olówó àti ti tálákà, orí rẹ̀ á dẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ sí létí. Ọmọbìnrin yìí ò mọ Ìbàràpá, kò sì ní mọ̀ ọ́n láé, ó sì kúnlẹ̀ síwájú mi pẹ̀lú orí bàbá mi. Omijé bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, mo rò pé ohun gbogbo tí mo mọ̀ ló ti di aláìwúlò, pé ní pápá ọkọ̀ òfúrufú ni mo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wà níbí. Àwọn ẹlòmíì ló ń lò ó.

Nọ́rà gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wá ọ̀rinrin lé ògiri náà, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ó ká etí kápẹ́ẹ̀tì kan sókè díẹ̀. Ohun dúdú tí mo mọ̀ dáadáa wà lábẹ́ rẹ̀, ní apá ibi tí Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀ sí.

"Omi ti ń wọ ibí láti ọjọ́ pípẹ́," ló wí. "Ó ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni. N kì í sọ fún èèyàn pé kó rà tàbí kó má rà. Ohun tó wà níbẹ̀ nìkan ni mò ń sọ."

Mo pe ọkọ mi lọ́nà. "A ò tíì kúrò nínú ọ̀kan," ló wí. "A ò lè fi ọwọ́ ara wa ra èkejì." Ejẹ́ńtì bínú, ó ní ẹlòmíì máa rà á kó tó di ọ̀la. Àwọn ìbejì sunkún igi ápù yẹn fún ọjọ́ méjì, èmi náà sunkún díẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀. A padà sábẹ́ ilẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn bàtà.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà la rí ilé tí à ń gbé báyìí. Kò lẹ́wà. Kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn kíṣìnì wọ́, kò sí igi kankan lẹ́yìnkùlé. Nọ́rà yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà mi tó le. Ó ní òrùlé rẹ̀ ti ń darúgbó, kí a máa múra rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní fèrèsé méjì ò ṣeé ṣí. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ó kan ògiri, ó dẹ orí. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ kan án."

Mo kan án. Mo dẹ orí. Ó dún gbẹ.

A kó wọlé ṣáájú yìnyín. Àwọn èèyàn ń kọjá lójú fèrèsé wa báyìí, mo sì ń rí ojú wọn. Ọ̀kan nínú wọn máa ń juwọ́ sí mi láàárọ̀. Ọjọ́ kẹta ni mo tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí bàtà pupa.

Nígbà tó pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta, bàbá mi pè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mo fẹ́ fi pálọ̀ hàn án, mo ti gbálẹ̀ nítorí rẹ̀.

"Kẹ́hìndé dà?" ló bi mí.

"Iléèwé ò sí lónìí, ó ṣì ń sùn."

"Mú mi lọ síbẹ̀."

Mo gbé fóònù lọ sí yàrá, mo kọjú rẹ̀ sí ọmọ náà.

"Pa àwòrán," ló wí. "Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mo gbé e sórí ìrọ̀rí. Mo jókòó sílẹ̀. Láti inú fóònù, mo ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá ní Igbó-Ọrà, mo ń gbọ́ àkùkọ aládùúgbò wa. Láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ Kẹ́hìndé tó ń mí, wọlé, jáde, wọlé, jáde. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé káàdì ti tán.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Dákẹ́," bàbá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Mò ń yẹ ilé wò."

Mo dákẹ́. Mo mọ bí orí rẹ̀ ṣe máa dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ó dáa," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ lè máa gbé ibẹ̀."